Àga wo ni yóò fara da òjò àti iyọ̀ òkun níwájú ilé?

Ìbéèrè, láti Badagry
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́. Ilé wa kò jìnnà sí etí òkun. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo ra àga onírin mẹ́rin síwájú ilé, níbi tí bàbá mi ti máa ń gba atẹ́gùn ní ìrọ̀lẹ́. Kí òjò ọdún kejì tó dá, ọ̀dà ti bó lára wọn, ẹsẹ̀ ọ̀kan sì ti dógùn-ún débi pé ó ṣẹ́ nígbà tí bàbá mi fi ọwọ́ tì í láti dìde. Ọpẹ́ ni pé wọn kò fara pa. Kí ni mo lè rà tí yóò pẹ́ ní gbangba?

Ìdáhùn kìn-ín-ní, láti ọ̀dọ̀ káfíńtà kan ní Ìbàdàn
Ẹ kú ewu o, ẹ bá wa kí bàbá. Ìrókò, apá àti tíìkì ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún lójú òjò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta arẹ̀rẹ̀ tàbí afárá fún yín, nítorí ikán yóò tètè jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n orúkọ igi nìkan kò tó. Pákó ìrókò kan náà ní àárín tí àwọ̀ rẹ̀ jọ oyin, tí ó máa ń dúdú sí i bí ó ṣe ń pẹ́, ó sì ní etí funfun tí ó kángun sí èèpo. Àárín ni kòkòrò kì í lè jẹ. Etí funfun yẹn kò ju igi lásán lọ, òun ni ó sì pọ̀ jù nínú tíìkì tí wọ́n gé ní kékeré. Nítorí pé fáníìṣì máa ń bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ da àga náà délẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ ìjókòó àti ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọn kì í sábà kùn. Kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín pákó ìjókòó, nítorí igi máa ń wú lásìkò òjò, a sì máa sún kì nígbà ọyẹ́.

Ìdáhùn kejì, láti Ajah
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n káfíńtà, àmọ́ alumíníọ̀mù ni mo ń lò. Ìpáàrà irin máa ń ṣí kúrò, kí òmíràn tún lè jẹ ẹ́ wọnú. Ti alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn bí awọ. Ẹ mú òòfà ẹ̀yìn sípíkà àtijọ́ dání lọ sí ọjà: bí ó bá gbá àga náà mú, irin tí wọ́n kùn ni. Kí bóòtù rẹ̀ jẹ́ irin aláìdógùn-ún (stainless steel) oríṣi tí wọ́n ń pè ní 316, nítorí ó ń fara da iyọ̀ ju oríṣi 304 lọ. Ẹ máa fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án déédéé. Ní ti ike, oòrùn máa ń sọ ọ́ di ohun tí ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Tìmùtìmù kò gbọ́dọ̀ sun ìta.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Mo da àga ìrókò kan délẹ̀ ní ọjà lánàá: ẹsẹ̀ méjì funfun látòkè délẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀. Alumíníọ̀mù ni n ó rà fún àwọn àlejò. Ní ti bàbá, ìrókò ni n ó ní kí káfíńtà kàn fún wọn, nítorí wọ́n nílò àga tó wúwo, tí kò ní yẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi apá rẹ̀ ti ara wọn dìde.