Kámẹ́rà Paul Greengrass tí kì í dúró sójú kan

Ará Súrùlérè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, kí ló dé tí àwòrán inú fíìmù Greengrass, olùdarí fíìmù ọmọ Ìlú Ọba nì, fi máa ń mì, bí ẹni pé oníròyìn tó ń sáré ló gbé kámẹ́rà dání?

Ará Yábàá: Oníròyìn ni tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, iṣẹ́ ìwádìí ló ń ṣe fún tẹlifíṣọ̀n ní Ìlú Ọba. Nínú Captain Phillips (2013), kò jẹ́ kí òṣèré Tom Hanks fojú kan àwọn òṣèré tó ṣe ajalèlókun títí wọ́n fi já wọ yàrá ìtukọ̀, kí ìbẹ̀rù náà lè jẹ́ ojúlówó.

Ará Ìsàlẹ̀ Èkó: Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ òyì kọ́ mi lọ́jọ́ tí mo wo The Bourne Ultimatum (2007)! Bloody Sunday (2002), ọ̀kan nínú fíìmù méjì tó jọ gba Golden Bear, àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù níbi àjọ̀dún fíìmù ìlú Berlin, ni mo fẹ́ràn jù.