Ṣé ilẹ̀ gáráàjì mi lè gba lífíìtì olópòó méjì?

Ọlọ́kọ̀ Méjì:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín o. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń tún ọkọ̀ mi ṣe fúnra mi nínú gáráàjì ilé, jáàkì àti ẹsẹ̀ irin tí a fi ń ti ọkọ̀ ni mo sì ń lò. Ní báyìí, ẹ̀yìn mi kò gbà á mọ́. Kí n máa fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sórí páálí lábẹ́ ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́ta nítorí gíábọ́ọ̀sì kan ti di ìyà fún mi, mo sì ti pinnu láti ra lífíìtì olópòó méjì, irú èyí tí apá rẹ̀ mẹ́rin máa ń mú ọkọ̀ láti abẹ́, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì máa fì.

Gáráàjì náà gùn ní mítà 6.5, ó fẹ̀ ní mítà 4.2, láti ilẹ̀ dé àjà sì jẹ́ mítà 3.05. Ọkọ̀ tí mo ń lò jù ga ní mítà 1.45, jíìpù ìyàwó mi ga ní mítà 1.80. Kọnkéré ni ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ bí ó ṣe nípọn tó, nítorí bí mo ṣe bá a nìyẹn nígbà tí mo ra ilé náà. Ojú sísán kan, tó tín-ín-rín bí irun, la ìbú ilẹ̀ náà já. Ẹni tó fẹ́ ta lífíìtì fún mi ní kò sí wàhálà, pé ibikíbi tí ọkọ̀ bá ti lè dúró ni lífíìtì lè dúró. Ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ̀ mí létí. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò, ṣé irú èyí náà sì ni kí n rà, àbí kí n wá òmíràn?

Àgbà Sípánà:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ olùtajà yẹn kò wọ̀ yín létí, nítorí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n mo fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òkè.

Lífíìtì olópòó méjì pín sí oríṣi méjì. Èkíní ní irin gbọọrọ kan tó so orí òpó méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ ni wáyà irin àti rọ́bà ọ́ìlì máa ń gbà kọjá; gíga irú èyí sábà máa ń tó mítà 3.5 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ mú ojú kúrò lára rẹ̀. Èkejì ni èyí tí ohun tó so òpó méjèèjì pọ̀ wà nílẹ̀, lábẹ́ àwo irin kan tí ọkọ̀ máa ń gùn kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ga ní nǹkan bíi mítà 2.8, wọn yóò sì wọ gáráàjì yín. Ìbú rẹ̀ náà yóò gba, nítorí láti ẹ̀yìn òpó kan dé ẹ̀yìn èkejì kì í sábà ju nǹkan bíi mítà 3.5 lọ. Àléébù oríṣi kejì yìí ni pé kò sí irin lókè tí yóò dá ẹ̀rọ dúró bí orí ọkọ̀ bá kàn án, nítorí náà ojú yín nìkan ni yóò máa ṣọ́ àjà.

Ẹ wá bá mi ṣírò. Mítà 3.05 dín 1.45 jẹ́ 1.60, ẹ yọ sẹ̀ǹtímítà 10 fún ààyè, ó ku mítà 1.50 tí táyà lè fi kúrò nílẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ yóò wá wà ní nǹkan bíi mítà 1.65 sí ilẹ̀, ẹni tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò tẹ orí ba díẹ̀. Ní ti jíìpù, mítà 1.15 péré ni yóò kúrò nílẹ̀, ìjókòó ni ẹ ó sì fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Èyí kò burú bí ó ṣe ń dún: èmi tí àjà mi ga dáadáa, orí àpótí onítáyà kéékèèké ni mo ṣì máa ń jókòó sí bí mo bá ń ṣe bíréèkì. Ẹ sáà rántí pé bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ṣí sílẹ̀, ọkọ̀ náà kì í ṣe mítà 1.45 mọ́. Mo ti fi bọ́nẹ́ẹ̀tì gún àjà rí, gílóòbù iná ló sì kọ́kọ́ fọ́ lé mi lórí.

Ilẹ̀kùn gáráàjì ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ irú tó ń yọ́ lọ sábẹ́ àjà, ilẹ̀kùn náà àti ọ̀nà irin rẹ̀ ni ọkọ̀ yóò kọ́kọ́ kàn. Ẹ lè gbé ọ̀nà irin náà sún mọ́ àjà pẹ́kípẹ́kí, kí ẹ sì lo ẹ̀rọ ìṣílẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ jẹ́ kí káfíńtà gé igi òrùlé láti fi wá ààyè fún yín.

Ọmọ Bíríkìlà:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti òkè, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìsàlẹ̀, nítorí lójú tèmi, ìdajì lífíìtì ni ilẹ̀ tí a dè é mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí olùtajà yẹn sọ jọ òótọ́, ìdí nìyẹn tó fi léwu. Bí ọkọ̀ bá dúró lórí táyà rẹ̀, ṣe ni ó ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ojú mẹ́rin, kọnkéré sì lágbára púpọ̀ bí a bá ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tí kò lè gbà ni kí a máa fà á: agbára rẹ̀ láti gba fífà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tó fi ń gba títẹ̀ lọ. Fífà yìí gan-an ni lífíìtì olópòó méjì máa ń ṣe. Ká ní ọkọ̀ wọn tọ́ọ̀nù 2, òpó kọ̀ọ̀kan gbé tọ́ọ̀nù 1, ṣùgbọ́n kò gbé e lé orí. Ó nà án síta, lórí apá tó gùn tó nǹkan bíi mítà kan, bí ẹni tó na ọwọ́ gbọọrọ tó sì gbé garawa omi sókè. Òpó náà yóò máa fẹ́ tẹ̀ sí ìhà ọkọ̀. Ohun tí kò jẹ́ kó ṣubú ni àwọn bóòtù ẹ̀yìn ìdí rẹ̀ tó di ilẹ̀ mú, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdí òpó náà kì í sábà fẹ̀ ju ìdajì mítà lọ. Ẹ fi gígùn apá wé fífẹ̀ ìdí, ẹ ó rí i pé agbára tó ń fa àwọn bóòtù yẹn sókè lè ju ìwọ̀n tí òpó náà gbé lọ dáadáa. Bí kọnkéré kò bá nípọn tó, bóòtù kò ní já. Kọnkéré ni yóò ya kúrò nílẹ̀ bí ìdérí ìkòkò, pẹ̀lú bóòtù nínú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe lífíìtì tó lè gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 4 fi ń béèrè kọnkéré tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10 ó kéré tán, tí àwọn mìíràn sì ń béèrè 15, tí agbára rẹ̀ láti gba títẹ̀ tó 3,000 psi (ìyẹn pọ́ùn lórí ínǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan), tó sì ti lo ọjọ́ 28 láti ìgbà tí wọ́n ti dà á. Ìwé tó bá lífíìtì yín wá ni kí ẹ tẹ̀lé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi.

Bí ẹ ó ṣe mọ bí ilẹ̀ yín ṣe nípọn tó nìyí. Ẹ fi dírìlì lu ihò kékeré kan sí ojú ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan yóò dúró, ẹ ki wáyà tí ẹ ti ká lẹ́nu bọ̀ ọ́ títí tí yóò fi kọ́ etí kọnkéré nísàlẹ̀, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n lẹ́nu ọ̀nà, nítorí àwa bíríkìlà sábà máa ń mú kí etí ilẹ̀ nípọn ju àárín lọ, ẹ ó sì tan ara yín jẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lu ohunkóhun, ẹ wádìí ohun tó wà nínú ilẹ̀ náà. Páìpù omi àti wáyà iná lè wà níbẹ̀. Èyí tó burú jù ni irú ilẹ̀ tí wọ́n fi wáyà irin tí wọ́n fà le koko sínú rẹ̀. Bí dírìlì bá gé irú wáyà bẹ́ẹ̀, ó lè já jáde pẹ̀lú agbára tó lè pa ènìyàn.

Ní ti ojú sísán yẹn, kọnkéré a máa sán bí ó ṣe ń gbẹ, kò fi dandan burú. Àmọ́ bóòtù kankan kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, ìdí òpó kò sì gbọ́dọ̀ gùn ún.

Bí ilẹ̀ bá tín-ín-rín, ẹ má ṣe da símẹ́ńtì lé e lórí láti fi mú un nípọn, nítorí tuntun kì í di ara kan náà pẹ̀lú àtijọ́. Ẹ gé e ni. Àwọn kan máa ń gé ihò onígun mẹ́rin méjì, ọ̀kan fún òpó kọ̀ọ̀kan. Èmi yóò kúkú gé ọ̀nà kan ṣoṣo láti ìdí òpó kan dé ìdí èkejì, kí ó fẹ̀ tó mítà 1.2, kí ó jin tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí n to irin sí i lókè àti nísàlẹ̀, kí n sì ki ègé irin bọ ara ilẹ̀ àtijọ́ láti fi so ó mọ́ tuntun. Ìdí rẹ̀ ni pé òpó ọ̀tún ń fẹ́ wó sí òsì, òpó òsì sì ń fẹ́ wó sí ọ̀tún. Bí wọ́n bá jọ wà lórí kọnkéré kan, wọn yóò máa di ara wọn mú, ṣùgbọ́n bí òpó kọ̀ọ̀kan bá wà lórí ègé tirẹ̀, ègé náà lè máa yí díẹ̀díẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀.

Ìyá Ẹ́ńjìnnì:

Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí, ẹ ti ń gé ilẹ̀ onílé kí ẹ tó bi í bóyá olópòó mẹ́rin kò ní tó o. Lórí irú ìyẹn, táyà ni ọkọ̀ fi ń dúró lórí irin gígùn méjì, ìwọ̀n rẹ̀ sì ń lọ tààrà sílẹ̀ láti ojú mẹ́rin, nítorí náà kò fi gbogbo agbára fa bóòtù bí Ọmọ Bíríkìlà ti ṣàlàyé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tilẹ̀ wà tí wọn kì í dè mọ́lẹ̀ rárá. Ẹ lè yí ọ́ìlì padà, ẹ lè tú sàlẹ́ńsà, ẹ sì lè gbé ọkọ̀ kan sókè kí èkejì wọ abẹ́ rẹ̀ bí àjà bá ga tó. Bí ẹ bá fẹ́ yọ táyà, ẹ ó nílò jáàkì tó ń dúró láàárín irin méjèèjì. Mo gbà pé fún gíábọ́ọ̀sì, olópòó méjì dára jù, nítorí kò sí irin kankan tó dí yín lọ́wọ́ lábẹ́ ọkọ̀. Ìyẹn tó ń ṣí bí àlùmọ́gàjí, tó máa ń gbé ọkọ̀ dé nǹkan bíi mítà kan, dára fún táyà àti bíréèkì, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ máa ń dí àárín abẹ́ ọkọ̀, ibi tí gíábọ́ọ̀sì wà gan-an.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ wo àmì ìdánwò lára rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àmì ALI, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìdánwò lífíìtì ọkọ̀, ni wọ́n máa ń wá; ní Yúróòpù, EN 1493 ni ìlànà tó dá lórí lífíìtì ọkọ̀.

Bí ẹ bá wá gbé e sókè, ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí ọ́ìlì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ gbé e kọjá ibi tí ẹ fẹ́ díẹ̀, ẹ gbọ́ kí lọ́ọ̀kì irin dún ní òpó méjèèjì, kí ẹ wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí lọ́ọ̀kì náà. Rọ́bà ọ́ìlì lè bẹ́, lọ́ọ̀kì irin kò ní ọ́ìlì nínú. Nígbà tí táyà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ dúró, ẹ mi ọkọ̀ náà dáadáa. Bí yóò bá yẹ̀ lórí apá, ibẹ̀ ni kó ti yẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ gíábọ́ọ̀sì lẹ fẹ́ máa yọ, ẹ mọ̀ pé bí ohun wíwúwo bá kúrò níwájú, ẹ̀yìn yóò tẹ̀wọ̀n ju bó ṣe wà lọ, nítorí náà ẹ fi òpó ìtìlẹ́yìn gíga ti ibi tó yẹ kí ẹ tó tú bóòtù àkọ́kọ́.

Ọlọ́kọ̀ Méjì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá ìyá wa. Mo wádìí ilẹ̀ náà, kò sí wáyà tí wọ́n fà nínú rẹ̀, mo sì lu ihò méjì. Lápá ọ̀tún, sẹ̀ǹtímítà 9. Lápá òsì, 8. Lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí mo ti lu ẹ̀kẹta nítorí ọ̀rọ̀ tí Ọmọ Bíríkìlà sọ, 17 ni mo bá. Ká ní ibẹ̀ nìkan ni mo wọ̀n ni, mi ò bá ti sanwó lífíìtì lánàá. Nítorí gíábọ́ọ̀sì, olópòó méjì tí ìsopọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ ni mo ṣì ń lọ bá, mo sì ti gbà láti gé ọ̀nà kan láti òpó dé òpó. Oníná yóò fa wáyà fólítì 220 tó ní bírékà tirẹ̀ wá, kí n má baà máa fi wáyà tín-ín-rín gígùn ṣe é.

Ìbéèrè kan ló kù: nígbà tí mo bá ń da kọnkéré náà, ṣé kí n kúkú gbin bóòtù sínú rẹ̀ ní tútù, kí n má baà dírìlì mọ́?

Ọmọ Bíríkìlà:

Rárá, àfi bí ìwé olùṣe bá sọ pé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bóòtù tí ẹ bá gbin ní tútù máa ń yẹ̀ bí kọnkéré ṣe ń jókòó, bí ó bá sì fi mìlímítà 5 yẹ̀, òpó kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ da kọnkéré, ẹ máa rin ín lómi, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ 28 pé, kí ẹ wá gbé òpó méjèèjì dúró sí àyè wọn, kí ẹ fi ihò ìdí òpó fúnra rẹ̀ darí dírìlì. Ẹ fẹ́ gbogbo eruku inú ihò jáde kí bóòtù tó wọlé, nítorí eruku kì í jẹ́ kó di ara ihò mú. Bí ilẹ̀ kò bá tẹ́jú, tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, irin pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi gbé ìdí òpó títí yóò fi dúró ṣánṣán, ẹ má fi igi sí i. Sípánà tó ń ka agbára ni kí ẹ fi dè é dé iye tó wà nínú ìwé, kí ẹ sì padà wá fi yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé ọkọ̀ sókè fún ìgbà díẹ̀. Bí bóòtù kan bá ń yí tí kò mú, ẹ pè mí kí ẹ tó tún gbé ohunkóhun.