Ìlà funfun tó ń yọ lára bánà: ó ti yanjú

Ẹ kú ìdúrótì mi o. Mo sọ níjọ́sí pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá wa ń fa ìlà funfun tín-ín-rín kọjá lára bánà, pàápàá níbi tí àwọ̀ búlúù bá ti kún. Ó ti lọ.

Kì í ṣe pé orí ìtẹ̀wé, ibi tí íǹkì ti ń jáde, dí. Mo tẹ nozzle check, àwòrán tó ń fi hàn bóyá gbogbo ihò íǹkì ń ṣiṣẹ́, gbogbo ìlà rẹ̀ pé, kò sí èyí tó já. Ni mo bá fi rúlà wọn àárín àwọn ìlà funfun náà: ọgbọọgba ni wọ́n. Ìyẹn ló tú àṣírí: bí ẹ̀rọ ṣe ń fa bánà ni ìṣòro wà. Bí ẹ̀rọ bá fa bánà síwájú jù, àlàfo á ṣí, funfun á yọ. Bí kò bá fà á tó, ìtẹ̀ kan á gun èkejì, ìlà dúdú ni ẹ máa rí. Bánà tuntun yìí nípọn ju ti tẹ́lẹ̀, iye ìfà ti àtijọ́ (bí ẹ̀rọ ṣe ń fa bánà síwájú tó lẹ́ẹ̀kan) ni ẹ̀rọ sì ń lò, nítorí náà ó ń fà á jù.

Mo tẹ àwòrán feed adjustment, èyí tí a fi ń ṣàtúnṣe iye ìfà náà, sórí bánà yẹn gan-an, mo ń dín iye náà kù díẹ̀díẹ̀ títí etí ìtẹ̀ kan àti èkejì fi pàdé. Ẹni tó ní kí n máa fọ orí léraléra, ẹ ṣé, àmọ́ íǹkì lásán nìyẹn ì bá jẹ. Mo nu encoder strip náà, ọ̀já tí ẹ̀rọ fi ń mọ ibi tí orí ìtẹ̀wé wà, ó dọ̀tí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà kò yẹ̀.

Mo ti tọ́jú iye tuntun náà sọ́tọ̀ fún bánà yìí, kó má bàa da ti vinyl, oríṣi ike mìíràn tí a ń tẹ̀wé sí, rú.