Ta ló sọ ojú ọjọ́ di aláìdúróṣinṣin?

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín láti Iléṣà.

Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń wo ìjà yìí lórí orúkọ tí a ó fi pe ojú ọjọ́ tí kì í dúró sójú kan, mo sì ti sọ fún ara mi pé n ò ní dá sí i. Ṣùgbọ́n lánàá, ẹ̀gbọ́n wa ará Ìbàdàn kọ̀wé pé "aláìdúróṣinṣin" ti wọlé, kí kálukú gba bẹ́ẹ̀. Ara mi ò gbà á mọ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò wa tó ń gbé ní Vancouver, létí òkun ní ìwọ̀ oòrùn Kánádà, ló ròyìn bí ojú ọjọ́ ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta. Oòrùn láàárọ̀, òjò lọ́sàn-án, yìnyín díẹ̀ láàárín, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, orí òkè ti funfun. Ó wá pe gbogbo rẹ̀ ní "ojú ọjọ́ aláìdúróṣinṣin ti ìparí òtútù". Ìròyìn náà dùn-ún kà. Orúkọ tó sọ ọ́ ni mi ò fẹ́.

Ẹ mú "aláì" yẹn wò. Aláìgbọ́ràn, aláìmoore, aláìnítìjú. Ènìyàn là ń bú nínú gbogbo wọn. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á dìde pé "igi aláìléso ńkọ́?" Igi aláìléso tí ẹ gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣebí wọ́n gégùn-ún fún un títí ó fi gbẹ! Ìdúróṣinṣin sì rèé, díákónì la fi ń yìn, ìyàwó la fi ń yìn. Àwọn àgbà ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́ rí, ta ló wá dalẹ̀? "Ojú ọjọ́ ò dá" ti wà nílẹ̀ kí a tó bí gbogbo wa. Bí òjò bá dá, a ní ó dá. Bí kò bá dá, kò dá náà nìyẹn.

Arábìnrin kan ní ká lo "àrọ̀kúrò òtútù". Ìyẹn gbìyànjú, mo sì kí i, nítorí ó kéré tán, ilé ló ti yá ọ̀rọ̀. Àmọ́ rọ̀ ló wà níkùn àrọ̀kúrò, òtútù kì í rọ̀, òtútù ń mú ni. Tí a bá ní ká tẹ̀ lé ìlànà, "àmúkúrò" ló máa jẹ́, ẹni tó bá sì gbọ́ àmúkúrò á rò pé ọlọ́pàá ti dé. Ohun kejì: nínú Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tó jáde lódindi ní 1884, àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò jọ ń rìn ni. Òjò ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni wọ́n fi í pè, níbi tí àrọ̀kúrò ti ń bọ́ sí nǹkan bí oṣù Kẹta sí ìkẹrin. Níhìn-ín, oṣù Kẹta là ń wojú òkè fún àkọ́rọ̀! Àgbàdo àrọ̀kúrò tiwa, ìgbà tí òjò ọdún ń lọ sópin la ń jẹ ẹ́. Tí ẹ bá sọ àrọ̀kúrò fún àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, oko ló máa rò, kò ní ro Kánádà.

Ibi tó ń dùn mí jù ni pé gbogbo yín ń wá orúkọ, kò sẹ́ni tó bèèrè ìṣe. Nínú èdè yìí, òjò ń rọ̀, ìrì ń sẹ̀, àrá ń sán, mànàmáná ń kọ, oòrùn ń ràn, ọyẹ́ ń fẹ́, yìnyín ń bọ́. Kálukú ló ní tirẹ̀. Òjò-dídì tí Bíbélì fún wa, èyí tí òyìnbó ń pè ní snow, kí ló ń ṣe? Tí ó bá ń rọ̀, òjò ni. Tí ó bá ń bọ́, yìnyín ni, a sì mọ yìnyín: a ti sá fún un lábẹ́ páànù, a ti ṣa á jẹ lọ́mọdé kó tó yọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ó ń dún bí orógbó tó ń já lu òrùlé. Àbúrò ní èyí tòun kì í dún rárá. Ó ní bí òwú àràbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń fẹ́ kiri ló rí. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará Ifẹ̀, igi ni mo ń wí, kì í ṣe Bàbá Òkè Ìtasẹ̀.)

Òkè tó wà ní Vancouver ló fa gbogbo wàhálà náà. Atẹ́gùn olómi láti orí òkun Pàsífíìkì á dé, á bá òkè lọ́nà, á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Bó ṣe ń gùn ló ń tutù, nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 6 sí 7 fún 1,000 mítà. Orí Grouse Mountain, ọ̀kan nínú àwọn òkè ibẹ̀, sì ju 1,200 mítà lọ. Bí ìgboro bá wà ní 6, orí òkè ti wà lábẹ́ òdo. Ìkùukùu kan náà, agboòrùn nísàlẹ̀, funfun lókè. Lọ́dún 2010 tí wọ́n ṣe Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù níbẹ̀, lóṣù Kejì gan-an, òjò-dídì orí òkè Cypress Mountain ò tó, ọkọ̀ akẹ́rù àti hẹlikọ́pítà ni wọ́n fi kó o wá. Ẹ gbọ́: wọ́n *kó* o. Ta ló ń kó òjò?

Màmá tó bí bàbá mi ní orúkọ tó ń pe irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Tí ó bá gé iṣu èlùbọ́ tán, orí àpáta lẹ́yìnkùlé ló ń sá a sí. Ìkùukùu á ṣú, á ké: "Ẹ kó o!" A ó sáré kó o tán, oòrùn á yọ bí ẹni ń fini ṣẹ̀fẹ̀. "Ẹ sá a!" Mo ka ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ́jọ́ kan, ọwọ́ mi funfun dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ní, "Ọjọ́ sáa-kóo lòní." Sáa-kóo ni mo fi síwájú yín. Ẹ̀gbọ́n ará Ìbàdàn ní gbólóhùn kì í di orúkọ, pé ẹnu àwa tó ń pe ilé ní "ulé" ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń jáde. Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, tí gbólóhùn di orúkọ wọn, ńkọ́? Ṣé wọn ò tíì wá gbowó aṣọ nílé yín rí ni? Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní Yorùbá, n ò tíì fi "ulé" gba òdo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ti òjò-dídì, mo pe àbúrò lálẹ́ àná. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ní North Vancouver nilé rẹ̀ wà. Mo ní, "Dákun, ó ń sẹ̀ ni àbí ó ń bọ́?" Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n pè yín padà, mò ń kó o lẹ́nu ọ̀nà." Kò tíì pè.