Ìbéèrè ìmọ̀ràn: ṣé kí n ra ẹ̀rọ ìsofáíbà ni, àbí kí n lọ kàwé sí i nípa ìmọ̀ ìmọ́lẹ̀?

Asofáíbà Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí oṣù yìí tó parí.

Ọmọ ọdún 29 ni mí. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń fi síso fáíbà, okùn gíláàsì tín-ín-rín tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá, jẹun. Abẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan ni mo wà: òun ló ni ẹ̀rọ, èmi ni mo ni ọwọ́. Lọ́dún tó kọjá, ó jẹ mí lówó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta, a ṣì ń fa ọ̀rọ̀ náà títí di òní. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tọ́jú owó, ó sì ti tó báyìí láti ra ẹ̀rọ ìsofáíbà àlòkù kan, pẹ̀lú OTDR tí a fi ń mọ ibi tí okùn ti já lábẹ́ ilẹ̀.

Bí mo ṣe ń múra àtirà á ni mo ka ìròyìn kan tó kó mi láyà sókè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Southampton àti ti Microsoft kéde pé àwọn ti ṣe fáíbà oníhò kan, tó jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá nínú rẹ̀ dípò gíláàsì, tí ohun tó sì ń sọnù ní kìlómítà kan kò ju dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì 0.091 lọ (òun ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó sọnù). Èyí tí à ń so lójoojúmọ́ ń pàdánù bíi 0.2. Ìyẹn ni pé bí ìmọ́lẹ̀ bá rin kìlómítà 15 nínú fáíbà tiwa, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Nínú tuntun yìí, yóò rìn tó kìlómítà 33 kí ìdajì tó lọ.

Bí irú èyí bá délé, ṣé iṣẹ́ ọwọ́ mi kò ní di ohun ìgbàgbé? Ṣé kí n ra ẹ̀rọ, àbí kí n fi owó náà wá ọ̀nà àtika oyè kejì nínú photonics, ìmọ̀ bí a ṣe ń lo ìmọ́lẹ̀? Ìyàwó mi ní èyí tí mo bá mú nínú méjèèjì ló tẹ́ òun lọ́rùn, kí n ṣáà má fọwọ́ kan owó ilé-ìwé ọmọ.

Bàbá Kébù, Ìkòròdú

Àbúrò, ra ẹ̀rọ rẹ. Mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí kébù abẹ́ òkun MainOne àti Glo-1 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 2010, kò sì sí ọdún tí wọn kì í sọ fún wa pé ohun kan ń bọ̀ tí yóò lé wa kúrò lóde. Wọ́n ní íńtánẹ́ẹ̀tì aláìlókùn ni yóò gba ipò okùn. Nígbà tó dé, ìdí òpó rẹ̀ náà ni a tún lọ ń so fáíbà sí.

O rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí kébù WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 já pọ̀ nísàlẹ̀ òkun lápá Abidjan, tí àwọn báǹkì wa ò lè fowó ránṣẹ́. Kébù Equiano, tó gúnlẹ̀ sí Lomé ní oṣù kẹta ọdún 2022 tó sì dé Èkó ní oṣù tó tẹ̀ lé e, kò já ní tirẹ̀, orí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sáré gbé ẹrù wọn lọ. Gíláàsì ni èyí tó já, gíláàsì ni èyí tó gbà wá sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ tún ti sọ pé òun fẹ́ ri 90,000 kìlómítà fáíbà sí i mọ́lẹ̀. Gíláàsì náà ni, kì í sì í so ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àlòkù ni mo fẹ́ kí o fetí sí dáadáa. Béèrè iye ìgbà tí iná ẹ̀rọ náà ti tàn, nítorí ó ń ka á sínú ara rẹ̀, kí o sì wo ṣóńṣó irin méjèèjì tí iná ń ti ẹnu wọn jáde bóyá wọn ò tíì jẹ. Lẹ́yìn náà, so fáíbà mẹ́wàá lójú ẹni tó ń tà á. Bí ojú ẹ̀rọ bá kọ ọ́ pé dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì 0.01 péré ló sọnù, má tíì yọ̀: àwòrán ló wò tó fi méfò. OTDR rẹ ni kí o fi wọ̀n ọ́n, láti orí kìíní àti láti orí kejì, nítorí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo máa ń parọ́. Àwọn tó ń tà á kì í sì í sọ̀rọ̀ abẹ ìgé-fáíbà. Bí abẹ bá ti kú, ẹ̀rọ olówó iyebíye kò lè tún un ṣe.

Ará Òkè Òkun

Bàbá Kébù, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìdí tí àyà fi ń já àbúrò wa, nítorí ẹ̀gbẹ́ irú iṣẹ́ yẹn ni mo wà níhìn-ín ní Gẹ̀ẹ́sì.

Òótọ́ ni fáíbà oníhò. Nínú gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú afẹ́fẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300,000. Ìdí nìyí tí Microsoft fi ra Lumenisity, ilé-iṣẹ́ kékeré tó jáde láti Southampton, ní oṣù kejìlá ọdún 2022, tó sì sọ ní ìparí ọdún 2024 pé òun yóò fi 15,000 kìlómítà rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọdún méjì. Àárín dátà sẹ́ńtà, ilé tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà ńláńlá sí, sí dátà sẹ́ńtà mìíràn ni wọ́n ń nà án sí. Ẹnikẹ́ni ò ní hú fáíbà Ìbàdàn nítorí rẹ̀.

Ohun tí ìròyìn ò sọ fún ẹ ni pé fáíbà yìí ṣòro ó so ju tiwa lọ. Bí o bá gé e, tí o sì wo ojú rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi, wàá rí àwọn ọ̀pá gíláàsì wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò yí ihò náà ká, tí òmíràn tún wà nínú wọn, tí ara wọn sì fẹ́lẹ́ ju ohun tí ojú lè rí lọ. Iná tí a fi ń so fáíbà lásán yóò yọ́ wọn pọ̀ ni, ihò á sì dí. Bí o bá tún so ó mọ́ fáíbà gíláàsì, bíi ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ yóò ta padà níbi tí afẹ́fẹ́ ti pàdé gíláàsì, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń rí ara wa nínú fèrèsé lálẹ́. O ní láti dọ́gbọ́n sí i. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ fáíbà ni wọ́n ń wá fún irú iṣẹ́ yẹn.

Ibòmíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Nvidia, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ṣíípù kọ̀ǹpútà, fi àwọn ẹ̀rọ kan hàn ní San Jose, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti gbé ohun tó ń sọ iná mànàmáná di ìmọ́lẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ṣíípù gan-an, dípò kí ó máa wà lẹ́nu ihò tí wọ́n ti ń ki kébù bọ̀ ọ́, kí iná tó ń jẹ lè dínkù. Sílíkọ́nì tí wọ́n fi ṣe ṣíípù náà lè darí ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n dá; lésà tí wọ́n fi nǹkan mìíràn ṣe ló ń fún un. Ẹnì kan ní láti mú fáíbà wá kan ṣíípù, láìyẹsẹ̀ ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lọ, kí ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kí gọ́ọ̀mù náà má sì fà á yà bó bá ṣe ń gbẹ. Mo ti rí oníwèé gbọọrọ tó ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò mú un jẹ. Bí o bá máa kàwé, yan ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìdìpọ̀ àti ìdánwò irú ṣíípù bẹ́ẹ̀, má ṣe jẹ́ kí yíya àwòrán ṣíípù nìkan gba ojú rẹ.

Olùkọ́ Físíìsì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú. Àfikún tèmi kọ́kọ́ dá lórí ọdún. Ní 1966 ni Charles Kao àti George Hockham kọ̀wé ní Harlow, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé gíláàsì lè gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́nà jíjìn bí a bá yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò, tí ohun tó ń sọnù kò sì ju dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì 20 lọ ní kìlómítà kan. Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ gíláàsì Corning ní Amẹ́ríkà dé ibẹ̀ ní 1970. Síbẹ̀, ọdún 1988 ni TAT-8, kébù fáíbà àkọ́kọ́ tó la òkun Àtìláńtíìkì kọjá, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún 22 ni a ń sọ yẹn. Bí fáíbà oníhò bá tilẹ̀ yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà yóò ti pa owó ara rẹ̀ ní àpatúnpa kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. (Iṣẹ́ gíláàsì kò sì ṣàjèjì sí wa: wọ́n ti ń yọ́ ọ ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní Igbó Olókun nílé-Ifẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀rúndún 11.)

Ní ti ìwé, ẹ wo Jena ní Jámánì, níbi tí Zeiss, Abbe àti Schott ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gíláàsì awò àti ẹ̀rọ amúǹkantóbi ní ọ̀rúndún 19. Yunifásítì ibẹ̀ ń kọ́ oyè kejì photonics ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í gba owó ilé-ìwé, àfi owó díẹ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan. Físà ni ìdènà: wọ́n ń béèrè pé kí owó oúnjẹ ọdún kan, tó jẹ́ yúrò 11,904 ní 2025, wà nínú àkáǹtì tí wọ́n tì. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí náírà kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ má sì fi lé aṣojú kankan lọ́wọ́.

Kí ẹ tó ná owó rárá, ẹ wá àyè sí kọ́lẹ́ẹ̀jì optics (ìmọ̀ ìmọ́lẹ̀) tí ICTP, ibùdó físíìsì àgbáyé, máa ń ṣe ní Trieste, ní Ítálì, nígbà òtútù. Wọn kì í gbowó ìforúkọsílẹ̀, wọ́n sì ń ran díẹ̀ nínú àwọn tó wá láti ilẹ̀ wa lọ́wọ́ lórí ọkọ̀ òfurufú. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ yóò fi hàn yín bóyá ìṣirò rẹ̀ ṣì wọ̀ yín lórí lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ó tún wà nítòsí: àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Wits ní Johannesburg ń ṣe iṣẹ́ tó lórúkọ lórí lésà.

Ọmọ Abẹ́òkúta

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rẹ́ mi kàwé nípa lésà dé ìparí, ibi ìkẹ́rù-sí ló ti ń ṣiṣẹ́ lókè òkun lónìí. Ọmọ tó níyàwó, tó lọ́mọ, kí ó ra ẹ̀rọ rẹ̀ kí ó sinmi.

Ará Òkè Òkun

Mo mọ irú wọn pọ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò fọwọ́ kan fáíbà rí kí wọ́n tó jáde, ibẹ̀ ni tiwọn yàtọ̀ sí ti àbúrò yìí.

Asofáíbà Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ púpọ̀, ẹ̀yin àgbà mi. Mo ti ṣírò yúrò náà, mi ò sì sùn lóòótọ́. Ẹ̀rọ ni màá kọ́kọ́ rà, lórúkọ ara mi, màá sì kọ̀wé sí Trieste. Mo lọ wo ẹ̀rọ kan ní Dùgbẹ̀ lánàá: iná rẹ̀ ti tàn ní ìgbà 3,140, mo so mẹ́wàá bí Bàbá Kébù ṣe wí, mẹ́jọ dára, méjì kọjá dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì 0.1. Ẹni tó ń tà á ní abẹ ìgé ló fà á, pé òun yóò fún mi ní tuntun. Bàbá Kébù, ṣé kí n gbà á gbọ́, àbí kí n mú abẹ tèmi lọ lọ́jọ́ Ajé kí n tún un so lójú rẹ̀?