Àfihàn ìwé Yorùbá ní ilé-ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì, 21 oṣù kejì: ìfilọ̀, póósítà àti ìwé àtijọ́

Aláàbò Ìwé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé-ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ni o, a fẹ́ ṣe àfihàn ìwé Yorùbá fún Ọjọ́ Èdè Abínibí Àgbáyé, 21 oṣù kejì. Ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi wà nílẹ̀. Ibi mẹ́ta ló ń dààmú wa. Pátákó ìfilọ̀ wà, ẹgbẹ́ WhatsApp wà, ojú Koha (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣàkóso ilé-ìkàwé) náà wà, síbẹ̀ ẹ̀yìn tí ètò bá ti kọjá làwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń béèrè ìgbà tí a máa ṣe é. Èkejì, póósítà: lórí kọ̀ǹpútà wa, àmì ohùn pé pérépéré, bó bá délé ìtẹ̀wé, gbogbo ẹ̀ àti ọ́ á di àpótí òfìfo. Ẹ̀kẹta, àwọn ìwé àtijọ́ tó ti ń rún létí. Ṣé wọ́n ṣeé gbé síta?

Pẹpẹ 496:
Pátákó tó ní ogún ìwé lára, tí méjìdínlógún nínú wọn ti kọjá, kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́. Ẹ já èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti lọ kúrò ná. Bẹ́ẹ̀ náà ni Koha. Ẹ lọ sí Tools, ẹ ṣí News, ẹ kọ ọjọ́ tí ìfilọ̀ yóò jáde àti ọjọ́ tí yóò kúrò. Àyè ọjọ́ ìkúrò yẹn làwọn ènìyàn máa ń fò. Bó bá ṣófo, ìfilọ̀ èṣín á ṣì jókòó sójú OPAC, ìyẹn kátálọ́ọ̀gì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wò. Fún ètò yín, kó jáde ní ọjọ́ 10, kó kúrò ní 24. Níbi tí ẹ ti ń yan ojú ibi tí yóò hàn, ẹ óò rí Slip. Ẹ tún ìfilọ̀ náà kọ lọ́tọ̀, kí ẹ yan ìyẹn fún un, á máa jáde lára ìwé pélébé tí ẹ ń tẹ̀ fún ẹni tó yá ìwé, àfi bí ẹnìkan bá ti yọ abala news kúrò nínú ISSUESLIP, àwòṣe ìwé pélébé náà nínú Koha.

Ti WhatsApp: ẹ má fi “Inú àwọn aláṣẹ ilé-ìkàwé dùn” bẹ̀rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ló ń hàn kí ènìyàn tó ṣí i, kí ọjọ́, aago àti ibi wà níbẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sáwọn aṣojú kíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan: ní ọjọ́ méje ṣáájú, ní ọjọ́ kan ṣáájú, àti láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ gbé tàímù-téébù síwájú kí ẹ tó mú aago. Bí 21 bá bọ́ sọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ má fi aago kan ọ̀sán ṣíde.

Kíkó ìwé jọ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀ o. Bí ilé-ìkàwé yín bá ń lo Dewey (ètò tó ń fi nọ́ńbà pín ìwé sí ẹ̀ka), ìwé Yorùbá kò sí lójú kan. Èdè wà ní 496.333, lítíréṣọ̀ ní 896.333. Òwe á wà ní 398.9, àlọ́ ní 398.2, Ifá àti òrìṣà ní 299.68333, ìtàn ilẹ̀ Yorùbá láàárín 966.9. Ẹni tó bá lọ sí 896 nìkan á kó ìwé ìtàn àròsọ wá, á ní òun ti parí iṣẹ́.

Àmì Ohùn:
Àpótí òfìfo yẹn, fọ́ńtì ló fà á, kì í ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Nínú Unicode (ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà), ẹ jẹ́ ẹyọ kan (1EB9), ọ náà (1ECD), ṣ náà (1E63). Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní ẹyọ tiwọn. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni, fọ́ńtì ló gbọ́dọ̀ gbé èyí lé èyí. Àwọn fọ́ńtì ọlọ́ṣọ̀ọ́ tí oníṣẹ́ póósítà fẹ́ràn kò mọ̀ ọ́n ṣe: àmì á yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó di àpótí.

Ẹ lo Noto Sans, Noto Serif, Charis SIL tàbí Gentium. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Kí ẹ tó tẹ póósítà, ẹ kọ “Ẹ̀KỌ́ Ọ̀FẸ́, ọ̀sẹ̀ ẹ̀ṣọ́” sí i ní títóbi tí ẹ fẹ́ lò, ẹ wo orí lẹ́tà ńlá dáadáa. Bí àyè láàárín ìlà bá há, orí àmì á gé. Ìlọ́po 1.2 ni kí àyè náà kéré tán. Ẹ má fún wọn ní fáìlì Word. Ẹ sọ ọ́ di PDF kí fọ́ńtì lè wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní CorelDRAW làwọn ń lò, kí wọ́n fi fọ́ńtì yín sórí kọ̀ǹpútà wọn ná, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n sì fi “convert to curves” sọ ọ̀rọ̀ di àwòrán. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún un tẹ̀ láé.

Ẹ̀yin tó ń fi Alt+X (tó ń sọ nọ́ńbà Unicode di lẹ́tà tàbí àmì) kọ ọ́ nínú Word, ẹ ṣọ́ra. Bí ẹ bá tẹ 0301 lẹ́yìn ẹ, àmì á gùn ún. Lẹ́yìn a tàbí e, kò ní rí bẹ́ẹ̀, torí pé a àti e wà lára ohun tí a fi ń kọ nọ́ńbà Unicode (0 dé 9, a dé f): Word á ka a0301 pọ̀ bíi nọ́ńbà kan. Ẹ yan 0301 nìkan ná, kí ẹ tó tẹ Alt+X.

Ẹ má sì sọ pé “wọ́n á yé ara wọn” láìsí àmì. Póósítà tó kọ “afihan ilu”, ṣé ìlù la fẹ́ wò ni àbí ìlú?

Ìwé Ò Gbọdọ̀ Ya:
Èyí tó ti ń rún, ẹ má gbé e síta. Ẹ fi fóònù tàbí ẹ̀rọ ayàwòrán ya ojú ìwé kan láti òkè, kí ẹ tẹ ẹ̀dà rẹ̀ sójú àfihàn. Ẹ má gbé e sórí ẹ̀rọ ẹ̀dà. Títẹ̀ ẹ̀yìn ìwé mọ́ gíláàsì ló ń ya á. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ló burú jù: igi lílọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, ásíìdì wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń pọ́n tó sì ń ṣẹ́ bíi àkàrà gbígbẹ.

Èyí tó ṣì lágbára, ẹ má ṣí i gbàgàdà débi tí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi pariwo. Ẹ fi aṣọ tí ẹ ká gbé ìhà méjèèjì. Bí ojú ìwé bá ń padé, ẹ fi ọ̀já ike tó mọ́ gaara dì í yí ká, kó má fún un. Sẹ́lótéèpù ò sí níbẹ̀, píìnì ò sí níbẹ̀. Ẹ má gbé àpótí gíláàsì sẹ́bàá fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ 50 lux ni àwọn olùtọ́jú ìwé ń fẹ́ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, oòrùn òwúrọ̀ sì ju ìyẹn lọ lọ́nà jíjìn. Oṣù kejì ni, eruku ọyẹ́ ṣì lè wà: búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi gbá a kúrò, láti inú sí ìta, kì í ṣe àkísà tútù.

Aláàbò Ìwé:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní kí a ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé náà sínú PDF, kí a pín in fún ẹgbẹ́ WhatsApp lọ́jọ́ náà. Ṣé ó dáa?

Pẹpẹ 496:
Rárá o. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wà títí di ọdún 70 lẹ́yìn ọdún tó kú. Fágúnwà kú ní 1963, ìyẹn ni pé kò tíì tán títí 2033 yóò fi parí. Ti Crowther yàtọ̀: 1891 ló kú, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1843 ṣeé pín láìbẹ̀rù. Fún àwọn yòókù, èèpo ẹ̀yìn ìwé àti ojú ìwé kan ti tó.

Kí n má gbàgbé: ẹ kọ nọ́ńbà ìpè ìwé sára káàdì kọ̀ọ̀kan tó wà níwájú rẹ̀, kí ẹ sì yí ipò rẹ̀ padà nínú Koha kó fi hàn pé ojú àfihàn ló wà. Bí ẹ kò bá ṣe é, kátálọ́ọ̀gì á sọ pé ó wà lórí pẹpẹ, akẹ́kọ̀ọ́ á wá a títí, kò ní rí i. Ẹ dá a padà bó bá di ọjọ́ 24.