Kí ni tablet kékeré lè bá mi ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, tablet mi jẹ́ íǹṣì 8, RAM rẹ̀ (àyè ìrántí tí àwọn áàpù tó wà ní ṣíṣí ń lò) jẹ́ 3GB. Yàtọ̀ sí fíìmù wíwò, iṣẹ́ wo ló lè ṣe?

Ìdáhùn: Ìwé kíkà ni! Àmọ́ lẹ́tà inú ìwé PDF (fáìlì tí ètò ojú ewé rẹ̀ kì í yí padà) tí wọ́n ṣe fún bébà A4 máa ń kéré jù lójú rẹ̀. Ẹ yí tablet náà sí ẹ̀gbẹ́ kí ojú rẹ̀ lè fẹ̀, kí ẹ gé etí funfun ìwé náà kúrò. EPUB, irú fáìlì ìwé mìíràn, sàn jù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń to ara rẹ̀ bá ojú tablet mu.

Ìdáhùn: Ẹ so kíbọọ̀dù Bluetooth mọ́ ọn, ẹ ó lè fi kọ lẹ́tà. Ẹ má ṣí áàpù púpọ̀ pọ̀ o: tí RAM bá kún, ohun tí ẹ kò tíì tọ́jú lè pòórá.

Ìdáhùn: Ẹ má fi tablet náà sílẹ̀ sórí ṣájà títí. Bátìrì tó kún nínú ooru lè wú, á sì ti gíláàsì sókè.